Ewé Tútù àti Ìgò Oní-nọ́ńbà: Iṣẹ́ Oníṣègùn Ìbílẹ̀ Láyé Òde Òní

   

Kí àlejò tó dé ibi tí wọ́n ti ń kí Ifá lọ́jọ́ ọdún, yóò ti kọjá lára àwọn tí wọ́n pàtẹ. Orógbó wà níbẹ̀, obì àbàtà wà níbẹ̀, ewé tútù kún inú apẹ̀rẹ̀, egbò igi gbígbẹ sì wà nínú àpò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn ìgò oníke tí wọ́n lẹ ìwé aláràbarà mọ́ lára: àgbo ibà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn àtọ̀gbẹ. Àwọn ìgò kan ní nọ́ńbà NAFDAC, àwọn mìíràn kò ní. Ohun tó wà láàárín apẹ̀rẹ̀ ewé tútù àti ìgò oní-nọ́ńbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Owó ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn ń bẹ níbẹ̀, ìbéèrè àtijọ́ kan sì ń bẹ níbẹ̀ tí kò tíì tán: ta ni ó ni ìmọ̀ tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ?

Àwọn ìjọba ayé kò fojú tẹ́ńbẹ́lú oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ bíi ti ìgbà àwọn Òyìnbó amúnisìn. Ní 1978, ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tí wọ́n ṣe ní Alma-Ata dárúkọ oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ àwọn tí ó lè bá dókítà àti nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn olórí Áfíríkà ya 2001 sí 2010 sọ́tọ̀ fún ìṣègùn ìbílẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ sì ti di ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè oògùn ìbílẹ̀ ní 1997. Àjọ UNESCO kéde Ifá mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ní 2005. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣí ibùdó ìṣègùn ìbílẹ̀ ní Jamnagar, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ní 2022, ó sì tún fọwọ́ sí ètò tuntun ní 2025 tí yóò máa bá a lọ títí di 2034.

Gbogbo èyí dùn ún gbọ́. Àmọ́ ohun tí ojú ewé ń rí lẹ́yìn tí ó bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í sábà sí nínú ìwé ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ìtàn Niprisan ni kí ó bi.

Àwọn àgbà Yorùbá mọ àrùn kan tí ń jẹ ọmọdé ní eegun, tí ń sọ funfun ojú rẹ̀ di pípọ́n, tí ń gbé e dùbúlẹ̀ lónìí tí ó sì tún ń jẹ́ kí ó dìde lọ́la. Fòníkú-fọ̀ladìde ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí; àwọn mìíràn kà á mọ́ àrùnmọ́léegun. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń wá. Ọmọ tó gba irú ẹ̀jẹ̀ tí ń jẹ́ S lọ́dọ̀ baba, tó sì tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, ni yóò ní i. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa tẹ̀ kọ́ńdọ́kọ́ńdọ́ bíi dòjé, yóò sì máa dí òpó ẹ̀jẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè kan láyé tí wọ́n ti ń bí ọmọ alárùn yìí tó ti Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùwádìí gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ìdílé ń kà sí àbíkú láyé àtijọ́, àrùn yìí ni ó pa wọ́n. Babaláwo kò ní láti bá wọn jà lórí èyí. Ẹni tí Ifá bá rán sí ìdílé àbíkú mọ̀ pé, yàtọ̀ sí ètùtù, ewé àti egbò náà wà tí wọ́n ń fún ọmọ náà.

Ìdílé kan ní ilẹ̀ Yorùbá ní irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀. Paul Ogunyale ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni-ọ̀wọ̀ nínú ìjọ Kírísítẹ́nì ni, kì í ṣe babaláwo, ó sì yẹ kí àwọn tí wọ́n rò pé ìmọ̀ ewé ti di ti ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo ronú sí èyí díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó gbé àpòpọ̀ náà lọ sí ibùdó ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NIPRD, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ti jẹ́ olórí. Ohun tó yani lẹ́nu nínú ìtàn náà ni pé wọn kò gba àpòpọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bá a kọ àdéhùn sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ohun tó wọ́pọ̀ ni pé kí olùwádìí dé abúlé, kí ó bi baba arúgbó léèrè, kí ó fún un ní owó ọtí, kí ó sì padà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ kọ ìwé tí orúkọ baba náà kò ní sí nínú rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú àpòpọ̀ náà, ó sì ti di ohun tí ayé mọ̀ nítorí pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde: kóró ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kò sí ọ̀kan tó ṣàjèjì sí ẹlẹ́wé ọmọ nínú wọn. Àwọn olùwádìí fún àwọn aláìsàn 82 ní oògùn náà. Wọ́n kọ́kọ́ fún apá kan ní ojúlówó, wọ́n fún apá kejì ní èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ wọn. Aláìsàn kò mọ èyí tó ń lò, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2001 sọ pé ìrora eegun tí ń kọlu àwọn aláìsàn náà dínkù nígbà tí wọ́n ń lo ojúlówó. Wọn kò sọ pé ó wo àrùn náà sàn, nítorí oògùn náà kò lè yí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn padà. Gbólóhùn tó ṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ara ìgò lọ́jà kò ní.

Láàárín ìgbà náà, wọ́n ti gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣàwárí fún un ní Amẹ́ríkà ní 1998, èyí tí Òyìnbó ń pè ní patent. Ní 2002, wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà ní àṣẹ láti máa ṣe é tà. Ní 2003, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn oògùn tí ó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́ nítorí pé àrùn tí wọ́n wà fún kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ náà kọ́ ibi ìṣoògùn sí Sheda, nítòsí Àbújá. Ní 2006, NAFDAC forúkọ oògùn náà sílẹ̀, ó sì bọ́ sọ́jà pẹ̀lú orúkọ tuntun, Nicosan. Àpòpọ̀ ìdílé kan ti di kápúsúùlù nínú páálí.

Ọdún méjì péré ni ayọ̀ náà mọ. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ náà wọ ilé-ẹjọ́ lọ ní Amẹ́ríkà láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè. Oògùn náà di ọ̀wọ́n. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ti ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Ó yẹ kí ọmọ awo dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà ka ìtàn yìí, ìkan nínú wọn kò sì tọ̀nà. Àwọn kan ń sọ pé Òyìnbó jí oògùn Yorùbá gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn wà, ìwé ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ ibùdó ìjọba Nàìjíríà, orúkọ Ogunyale kò sì pa rẹ́. Ewé kọ́ ló já wọn kulẹ̀. Owó ni. Láti sọ ewé di kápúsúùlù tí ó dọ́gba lónìí, lọ́la àti lọ́dún tó ń bọ̀ ń ná owó púpọ̀ kí kápúsúùlù kan tó mú kọ́bọ̀ wọlé: ẹ̀rọ ni, iná mànàmáná ni, òṣìṣẹ́ ni, àyẹ̀wò ni. Gbogbo ẹrù yìí wà lórí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ilé rẹ̀ wà lókè òkun. Àdéhùn tí wọ́n ṣe lè gba ìmọ̀ lọ́wọ́ olè. Kò lè gbà á lọ́wọ́ gbèsè oníṣòwò. Oníṣègùn tó bá fẹ́ fi ìmọ̀ ìdílé rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ lónìí, ó yẹ kí ó béèrè kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ní èdè tó yé e, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ náà bá wó: ta ni àṣẹ yóò padà sí lọ́wọ́, láàárín ọjọ́ mélòó? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju iye owó tí wọn yóò kọ́kọ́ fún un lọ. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ti tún gbé irú àpòpọ̀ náà yẹ̀ wò láti ìgbà náà wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì di ìtàn àtijọ́.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìgbà ìtàn yìí ni dókítà àti oníṣègùn kọ́kọ́ pàdé. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Bìrìtéènì, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò. Àwọn aláìsàn kò há mọ́ inú wọ́ọ̀dù. Pẹ̀lú ẹbí wọn ni wọ́n ń gbé, nínú ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́, nítorí pé ó mọ̀ pé ẹni tó gbà pé ayé ló ń ṣe òun kò ní sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún ẹni tó gbé ìwé àti gègé dání. Ètò yìí gbayì débi pé Lambo di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà.

Ní agbègbè kan náà ni dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ti rí i pé àwọn oníṣègùn ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1960. Nígbà yẹn, oògùn kan ti gbòde ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní reserpine. Àwọn ará Switzerland yọ ọ́ ní 1952 láti inú ìbátan asofẹ́yẹjẹ tí ń hù ní Íńdíà, wọ́n sì ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àrùn ọpọlọ. Asofẹ́yẹjẹ ti Áfíríkà náà wá di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń rà láti yọ ọ́. Ẹni tó ta egbò gba owó egbò. Ẹni tó mọ ohun tí egbò ń ṣe, tó sì mọ ìwọ̀n tí kò ní pa aláìsàn, kò gba nǹkan kan. Ìwọ̀n yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: asofẹ́yẹjẹ tó bá pọ̀ jù máa ń já ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wálẹ̀, ó sì lè kó ìbànújẹ́ tó le bá ọkàn.

Nǹkan kan wà níbí tí àwọn olùwádìí tó wá sí ọdún yìí yóò fẹ́ láti gbọ́. Àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ifẹ̀ kò gbà pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti lè yẹ ewé wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ egbò orin àta wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Pákò lásán ni gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n rí i pé omi egbò náà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ padà bọ̀ sípò nínú ìgò àyẹ̀wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ nọ́ńbà NAFDAC, èyí tí ó kan alágbo tó wà lẹ́nu ọ̀nà jù. Òfin 1993 ni ó gbé àjọ náà kalẹ̀. Oògùn ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ bọ́ sọ́jà ní láti gba àyè lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ sì ń gba èyí tí a lè pè ní àkọsílẹ̀ onígbà díẹ̀. Ọdún 2 ni àkọsílẹ̀ náà ń lò kí wọ́n tó tún un ṣe, nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ gidi ń lo ọdún 5. Lẹ́tà L tó máa ń wà ní ìparí nọ́ńbà náà ni àmì rẹ̀. Ẹni tó bá yí ìgò náà padà yóò rí gbólóhùn kan, ní lẹ́tà kóńkóló, tó sọ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí oníṣòwò sọ pé oògùn náà ń ṣe wò. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà náà ń sọ pé àjọ mọ ẹni tó ṣe oògùn náà àti ibi tó ti ṣe é, wọ́n sì ti wò ó bóyá májèlé tàbí ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Kò sọ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ òǹrajà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn olùpolówó orí rédíò sì ń jàǹfààní nínú àìmọ̀ yẹn. Ìpolówó fúnra rẹ̀ nílò àṣẹ àjọ náà kí ó tó jáde. Ẹni tó bá gbọ́ tí wọ́n ń ké pé ìgò kan ń wo àrùn mẹ́tàdínlógún, kí ó mọ̀ pé kò dájú pé ẹnì kan fọwọ́ sí igbe náà.

Fún oníṣègùn tó fẹ́ ṣe é bó ti yẹ, ìwé ara ìgò ní láti ní orúkọ oògùn, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ohun tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí kò ní dára mọ́, àti nọ́ńbà ìdì tí ó ti jáde. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn alágbo máa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ ó wà láti gba ẹ̀mí là: bí àgbo kan bá ṣe ènìyàn léṣe, nọ́ńbà ìdì ni yóò jẹ́ kí wọ́n lè kó àwọn ìgò tí wọ́n jọ sè pọ̀ kúrò lọ́jà, láìda gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nù. Alágbo tó ń ru agbada kiri kò lè dá owó ilé ìṣoògùn àti owó àyẹ̀wò san. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn lè san án. Ilé ìdáná kan tó mọ́, tó ní omi tó dára àti ẹ̀rọ tó ń dí ìgò, tí ogún tàbí ọgbọ̀n oníṣègùn jọ ń lò, olúkúlùkù pẹ̀lú oògùn tirẹ̀, yóò ṣe wọ́n láǹfààní ju ààfin ìpàdé lọ. Owó tí àwọn ẹgbẹ́ kan ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́dún kan lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí jù fún babaláwo nìyí. Ìgò kan náà ni wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn. Ifá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́ta tí inú ń run lè wá sí iwájú ọpọ́n, kí odù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde, kí ewé wọn má sì dọ́gba. Ọfọ̀ tí wọ́n ń pe sí ewé pẹ̀lú wà, tí orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ wọnú ara wọn. Pierre Verger, tí àwọn awo Kétu tẹ̀ nífá ní 1953 tí ó sì di Fátúnbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàkójọ irú nǹkan báyìí. Ìwé rẹ̀ lórí ewé, tó jáde ní Bràsíl ní 1995, kó àpòpọ̀ 447 jọ, pẹ̀lú ọfọ̀ wọn. Kò sí àyè fún ọfọ̀ lára ìgò NAFDAC. Àwọn awo kan ti pinnu nítorí èyí pé àwọn kò ní bá ìgò lò rárá, ìpinnu wọn sì ní ọlá tirẹ̀. Àwọn mìíràn ya iṣẹ́ méjì náà sọ́tọ̀: àgbo ibà tí gbogbo ilé mọ̀ lè wọ ìgò, ohun tí odù bá yàn fún ẹnì kan ṣoṣo kò kúrò nínú ilé Ifá. Ìpínyà yìí bá ọgbọ́n mu. Ó ń dáàbò bo ẹni tó ń rà, ó sì ń dáàbò bo awo pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí wọn kò tẹ̀ sára ìgò kò di ti gbogbo ayé.

Àwọn ọmọ awo tó ti London tàbí Amẹ́ríkà wá máa ń fẹ́ ra àgbo dání lọ tà. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ òfin ibi tí wọ́n ń lọ. Ní Yúróòpù, òfin 2004 sọ pé oògùn ewé tó bá fẹ́ gba àṣẹ ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà ní lílò fún ọgbọ̀n ọdún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ní Yúróòpù fúnra rẹ̀. Láti 2011 ni wọ́n ti ń lò ó ní kíkún, Bìrìtéènì sì di irú ìlànà bẹ́ẹ̀ mú lẹ́yìn tí ó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Òfin yìí ń rẹ́ oògùn Yorùbá jẹ. Oògùn tí ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ di ọmọ tuntun lójú rẹ̀, nítorí pé kò sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti tà á ní London fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1994 jẹ́ kí wọ́n tà á gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń wo àrùn ti rú òfin.

Bràsíl gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2006 wọ́n mú ìtọ́jú ewé àti irú rẹ̀ mọ́ ètò ìlera ìjọba, èyí tí aráàlú kì í sanwó fún. Ní 2023, ìgbìmọ̀ ìlera orílẹ̀-èdè náà sọ nínú ìpinnu kan pé àwọn ilé òrìṣà jẹ́ ibi tí ìlera àti ìwòsàn ti ń wá ní àfikún sí ti ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí gbólóhùn náà níbẹ̀. Ìlú tó bí àwọn òrìṣà náà kò tíì kọ irú rẹ̀ sínú ìwé.

Lórí ẹni tó ni ìmọ̀, àdéhùn àgbáyé tuntun kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní Geneva ní oṣù karùn-ún 2024. Ó sọ pé ẹni tó bá ń béèrè ìwé ẹ̀tọ́ olùṣàwárí lórí ohun tó ti ara ewé tàbí ohun ẹlẹ́mìí jáde gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ti rí i, bí ó bá sì jẹ́ pé ìmọ̀ àwọn ará ìlú kan ni ó lò, kí ó dárúkọ wọn. Orílẹ̀-èdè 15 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó di òfin. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè dárúkọ ìdílé kan, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà pé ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ ìdílé náà ṣáájú. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé, tí ó ní ọjọ́ lára, tí agbẹjọ́rò kan tí ìdílé fọkàn tán bá wọn fi pamọ́, yóò sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ ju ẹnu lọ. Kò pọn dandan kí ó sọ àṣírí ìwọ̀n àti ọfọ̀.

Igi ni ó kù. Lọ́jà Bódè ní Ìbàdàn, ní Ojúwòyè ní Múṣin, ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, èèpo àti egbò ni púpọ̀ nínú ohun tí àwọn lẹ́kulẹ́ja ń tà. Igi tí wọ́n bá bó èèpo rẹ̀ yíká kò ní yè é. Igi osùn tó wà nínú oògùn Ogunyale wà nínú ẹbí kan tí àwọn agégẹdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé tán káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí ọjà òkè òkun, débi pé ní 2022 àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn CITES fi gbogbo ẹbí igi náà tó wà ní Áfíríkà sábẹ́ ìṣọ́, kí gẹdú rẹ̀ má lè kọjá ibodè láìsí ìwé. Àwọn àlejò máa ń ṣì í pè ní ìrosùn, èyí tí ìyẹ̀ rẹ̀ wà lórí ọpọ́n. Igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Orógbó lè lo ọdún mẹ́wàá kí ó tó so, ẹni tó bá sì gé e fún egbò rẹ̀ ti gé orógbó ọmọ rẹ̀. Kànáfùrù kì í tilẹ̀ ṣe igi ilẹ̀ yìí: láti ọ̀nà jíjìn, láti Indonéṣíà, Madagásíkà àti Sansíbà, ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, owó dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á, nítorí náà iye oògùn ọmọ abúlé kan ń gòkè bí náírà bá ṣubú.

Osùn àti orógbó nílò ilẹ̀ tó gbòòrò àti sùúrù. Ọkà bàbà kò nílò ju òjò ọdún kan lọ. Ilé Ifá tó bá ní àyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyèré, tí ń gùn bí okùn: igi kan tí yóò fà mọ́, ìbòji díẹ̀, àti omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tó o.